Àáró Sáfà ní Ìkìrun

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ sún mọ́ ibí díẹ̀. Bí mo bá sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi ní Inísà pé sáfà ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi wọ̀n, wọ́n á ní, "Ṣadé, ṣé gààrí ni sáfà, tí o fi ń wọ̀n ọ́n?" N kì í bá wọn jà. Iṣẹ́ tí ojú kò rí ṣòro láti ṣàlàyé. Sáfà ni ẹ̀rọ tí ojú òpó íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbé inú rẹ̀. Bí o bá tẹ fóònù rẹ pé o fẹ́ wo èsì ìdánwò, sáfà kan níbì kan ló ń dá ọ lóhùn. Ó lè dá ọ lóhùn kíá, ó lè fi ọ́ sílẹ̀ kí o máa wo ojú fóònù bí ẹni ń wo ọ̀nà àlejò, ó sì lè dákú pátápátá. Oríṣiríṣi ni wọ́n, gbogbo àwọn tó ń tà wọ́n ló sì ń sọ pé tàwọn ló yá jù. Èwo nínú wọn ló máa gbé ẹrù tí a fẹ́ dì lé e lórí? Ìbéèrè yẹn ni mo ń dáhùn títí irun mi fi funfun.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gùn rárá. Mo parí ilé-ìwé girama, kò sí ọ̀nà àtitẹ̀síwájú, màmá mi sì mú mi lọ bá Ọ̀gá Tìjání ní Ìkìrun pé kí wọ́n kọ́ mi ní táípù. Owó tí a san kò tó nǹkan, owó tí wọ́n wá ń san fún mi lẹ́yìn fíríídọ̀mù náà kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá Tìjání ga, wọ́n tín-ín-rín, fìlà pupa kan kì í kúrò lórí wọn. Búùtà àlùwàlá wọn wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, o ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kàn án. Iṣẹ́ àtúnṣe tàpúráítà ni wọ́n ń ṣe kí kọ̀ǹpútà tó dé. Wọn kì í nani, àmọ́ ẹnu wọn mú ju pàṣán lọ. Ohun kan wà tí ọmọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ sọ níwájú wọn, òun ni pé ẹ̀rọ kan "dára".

Mo kúkú sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tí mo débẹ̀. Wọ́n ní kí n yẹ tàpúráítà oníbàárà kan wò. Mo táípù orúkọ mi, mo ní, "Ó dára, sà."

"Ó dára ju kí ni lọ?"

Mo tún orúkọ mi táípù.

"Mo ní ó dára ju èwo lọ? Lọ́wọ́ ta ni? Lọ́jọ́ wo?"

Wọ́n gbé tàpúráítà méjì mìíràn sílẹ̀ fún mi. Wọ́n ní kí n táípù ọ̀rọ̀ kan náà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí n tó wá la ẹnu. Mo ṣe méjì láàárọ̀, mo lọ jẹun, mo ṣe ìkẹta lọ́sàn-án nígbà tí ọwọ́ ti rẹ̀ mí. Ọ̀gá ya gbogbo bébà náà sọ nù. "Ṣadé, ẹ̀rọ lo wọ̀n àbí oorun ọ̀sán rẹ? Ọwọ́ kan náà, bébà kan náà, ìgbà kan náà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti yàtọ̀, irọ́ lo pa mọ́ ẹ̀rọ." Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mo sì fẹ́ máa lọ sílé. Lónìí, bí mo bá rántí ohùn wọn, ṣe ni ó máa ń wù mí kí wọ́n tún bá mi wí lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kọ̀ǹpútà dé, àwọn tí ẹ̀yìn wọn tóbi bí àpótí aṣọ ìyàwó. Tàpúráítà wọ abẹ́ tábìlì. Lẹ́yìn náà ni íńtánẹ́ẹ̀tì dé, a sọ ṣọ́ọ̀bù di káfẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn ń tò síta láti fi ìwé ránṣẹ́ sí ọmọ wọn lókè òkun. Ọ̀gá ti ń dàgbà nígbà yẹn, síbẹ̀ wọ́n jókòó kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ọmọdé. Ìgbà tí fóònù wá dé ọwọ́ gbogbo ayé, ó di pé kò sẹ́ni tó ń wá sí káfẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tó kù tí a lè fi jẹun ni kí á máa kọ́ ojú òpó fún ilé-ìwé àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí a sì máa bójú tó sáfà wọn.

Àríyànjiyàn wá bẹ̀rẹ̀. Oríṣi ètò méjì ló wà tí èèyàn lè fi sínú ẹ̀rọ kó fi di sáfà. Ọ̀kan wà tí a ń rà, tí a ń sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún. Èkejì wà tí àwọn èèyàn káàkiri ayé jọ kọ́, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́. A sọ ti àkọ́kọ́ ní Olówó, a sọ èkejì ní Ọ̀fẹ́. Múdà, tó ti gba fíríídọ̀mù ṣáájú mi, tó sì ní ṣọ́ọ̀bù ní Inísà, kò fẹ́ gbọ́ nǹkan mìíràn ju Ọ̀fẹ́ lọ. Délé, tó tẹ̀ lé Múdà gba fíríídọ̀mù, tó ní tiẹ̀ ní Òkukù, Olówó ni tiẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé, àfi bí ẹni pé bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń jà lé lórí.

Ọ̀gá á kàn máa rẹ́rìn-ín. "Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ẹ jẹ́ ká di ẹrù lé wọn lórí ná."

Ètò kan wà tí a lè fi dán sáfà wò, tó máa ń ṣe bí ẹni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣí ojú òpó náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá kò gbà á gbọ́. Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ tó ń ṣe bí èèyàn yìí, ṣé nẹ́tíwọ̀kì Òkukù ló ń lò?" Òótọ́ sì ni. Ẹni tí nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ kò lágbára máa ń pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà sáfà. Kò wọlé, kò jáde, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sì ráyè kọjá. Ọjọ́ ọjà ló máa ń burú jù, torí gbogbo èèyàn ló ń pe ara wọn. Ọ̀gá bá ní kí á máa ṣe àáró.

Ẹ̀yin tí ẹ ò dé oko rí, àáró ni pé kí èmi àti ìwọ bá ara wa ro oko, lónìí tèmi, lọ́la tìrẹ. Bí Múdà bá ní ojú òpó tuntun, èmi ní Ìkìrun àti Délé ní Òkukù á kó gbogbo ọmọ iṣẹ́ àti oníbàárà tó bá wà nílẹ̀ jọ lọ́jọ́ ọjà, a ó tan ohùn fóònù síta, ẹni tó ń darí á pariwo "Ó yá!", gbogbo wa á sì tẹ̀ ẹ́ pọ̀. A ó máa wo bó ṣe pẹ́ tó kó tó ṣí. Bó bá di ọjọ́ ọjà mìíràn, ó di ti ẹlòmíràn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìgbà yẹn dùn, ẹ̀rín ibẹ̀ nìkan tó oúnjẹ.

Iṣẹ́ ńlá kan wá dé. Ilé-ìwé àwọn nọ́ọ̀sì kan fẹ́ kí àwọn tó ń wá àyè máa gba fọ́ọ̀mù lórí fóònù, kí wọ́n yé dúró sínú oòrùn. Àyè tó wà níbẹ̀ kò pọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń gbà á. Ọ̀gá-àgbà ilé-ìwé náà, màmá kan tí ohùn wọn le, wá sí ṣọ́ọ̀bù fúnra wọn.

"Bàbá, tí ojú òpó yín bá gbé e, iṣẹ́ ọdọọdún ni o. Tí kò bá gbé e, àwọn ará Èkó ti ń kan ilẹ̀kùn mi."

Gbogbo wa mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Káfẹ́ẹ̀ ti kú. Bí iṣẹ́ náà bá bọ́, Ọ̀gá máa ti ṣọ́ọ̀bù ni, orúkọ tí wọ́n sì fi gbogbo ayé wọn kọ́ láàárín Ìkìrun sí Òkukù á bàjẹ́ lọ́jọ́ alẹ́ wọn.

A kọ́ ojú òpó náà tán, a gbé e sórí Ọ̀fẹ́, a gbé e sórí Olówó, ẹ̀rọ kan náà, ojú-ewé kan náà. Ọjọ́ ọjà tí a wọn Ọ̀fẹ́, Ọ̀gá ti lọ sí Òṣogbo nítorí ojú tó ń dùn wọ́n. Èmi ni mo darí. Mo pariwo "Ó yá!", ariwo sì sọ láti Inísà àti Òkukù. Ọ̀fẹ́ mí hẹlẹ. Ojú-ewé Délé funfun báláú, inú rẹ̀ sì dùn, ó ń pariwo lórí fóònù, "Mo sọ fún yín àbí mi ò sọ?" Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá ti dé. Wọ́n ní iṣẹ́ yìí tóbi, àwọn fúnra wọn fẹ́ fi ojú rí i. Wọ́n jókòó sórí àga wọn, wọ́n gbé fóònù sẹ́nu, wọ́n ní, "Bísímílà. Ó yá, ẹ tẹ̀ ẹ́." Olówó ṣí fún Ọ̀gá, ó ṣí fún Múdà, ó ṣí fún Délé, ó ṣí fún èmi àti gbogbo ọmọ iṣẹ́, wọ́rọ́wọ́rọ́, bí ẹni ń da epo. Múdà alára gba kámú. Olówó la mú.

Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kún fún àwọn ọmọbìnrin. Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Ráfátù, láti Ìbà ló ti gun ọ̀kadà wá torí pé nẹ́tíwọ̀kì ibẹ̀ kò dára. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n ṣí ìforúkọsílẹ̀ tí Olówó fi kúnlẹ̀. A gbé e dìde, ó tún kúnlẹ̀. Fóònù ọ̀gá-àgbà ilé-ìwé kò dákẹ́. Àwọn òbí ń bú wa lójúkojú. Ráfátù jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń tẹ fóònù rẹ̀, ó ń tún un tẹ̀. Nígbà tó yá, ó wá bá mi, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Ó lè jẹ́ fóònù tèmi ni ò dáa."

Òun ló ń bẹ̀ mí! Mo wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ, mo sunkún bí ẹni tó ṣòfò.

Ilé-ìwé fagi lé gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá-àgbà wọn ní nítorí irun funfun Bàbá nìkan ni àwọn ṣe máa fún wa láyè lẹ́ẹ̀kan sí i, lọ́sẹ̀ díẹ̀ sí i. Bó bá tún wó, ó parí nìyẹn.

Ọ̀gá kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù. Múdà àti Délé wá sílé Ọ̀gá, ìyàwó Ọ̀gá gún iyán fún wa, wọ́n gbé e sínú abọ́ ńlá kan, a sì yí i ká. Ọ̀gá bu iyán, wọ́n fẹ́ gbé e lọ sínú ọbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wá sọ sí wọn lọ́kàn, wọ́n dá ọwọ́ dúró. Wọ́n ń wo ògiri. Àwa náà dá ọwọ́ dúró. Ebi ń pa Délé débi pé itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, síbẹ̀ kò jẹ́ fọwọ́ kan abọ́.

Ọ̀gá wo ọwọ́ wa tó ń rọ̀ dirodiro. Wọ́n wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí lẹ̀ ń dúró dè?"

"Ẹ̀yin ni, sà," Múdà fèsì.

Wọ́n sọ iyán ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Ọjọ́ tí a wọn Olówó, ta ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ̀yin náà ni, sà."

"Ìwọ ńkọ́, Múdà?"

"Ìgbà tí mo gbọ́ tí ẹ ní ó ti ṣí, sà, ni mo wá tẹ tèmi."

"Délé?"

"Ọ̀gá, ẹ̀gbọ́n mi ni Múdà. Mo ní kó kọ́kọ́ wọlé ná."

Wọ́n kọjú sí mi. Mo ní, "Èmi náà dúró dè wọ́n, sà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ sì dúró dè mí."

Ó wá yé gbogbo wa. Ọjọ́ Ọ̀fẹ́, ẹgbẹ́ ara wa nìkan ló wà níbẹ̀, a ti ara wa lẹ́nu ọ̀nà bí ewúrẹ́. Ọjọ́ Olówó, a wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, àgbà ṣáájú, ọmọdé tẹ̀ lé e, bí ẹni ń wọ ààfin. Sáfà wo ni kò ní gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀? Kò sẹ́ni tó pète rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni ọwọ́ wa ṣe ṣe é. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àṣé ọjà kan wà tí orí ọmọ gbọ́dọ̀ wọ́ níbẹ̀ kí á tó mọ òótọ́.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí wọn. Nígbà tí ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró, omi wà lójú wọn. "Ọwọ́ kan náà, bébà kan náà, ìgbà kan náà," wọ́n ní. "Mo gbàgbé láti ka ara mi mọ́ ọn. Ẹ jẹun."

Nígbà tó di ọjọ́ ọjà tí a fẹ́ tún wọn méjèèjì, Ọ̀gá dé fìlà wọn, wọ́n jáde. Wọ́n ní àwọn ń lọ ra iṣu ní Òkukù. Ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n yíjú padà. "Ṣadé, ẹ ti ara yín o." Bọ́ọ̀sì gbé wọn lọ.

A ti ara wa lóòótọ́. Múdà pe Délé ní ọ̀lẹ, Délé bú baba ńlá nẹ́tíwọ̀kì, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń tẹ fóònù ṣáájú àwa ọ̀gá wọn. Olówó wó lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀fẹ́ mí hẹlẹ bíi tàtijọ́, àmọ́ kò ṣubú. A wá ohun tó ń jẹ́ kó mí hẹlẹ, kò sì jìnnà. Àwòrán ọ̀gá-àgbà ilé-ìwé ni, tí wọ́n wọ aṣọ ìgboyè, tó gba gbogbo iwájú ojú òpó. Gbogbo wa la ti mọ̀ pé ó wúwo láti ọjọ́ yìí wá, ta ló máa sọ fún wọn? Ọ̀gá ló lọ sọ ọ́. "Màmá, àwòrán yín rẹwà, àmọ́ ó sanra púpọ̀." Màmá wò wọ́n títí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí á yọ ọ́ kúrò.

Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì, Ọ̀gá kò wọ ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ fọkanáísà tó wà ní òdìkejì títì, wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà. Láti ojú fèrèsé ni mo ti ń wò wọ́n. Ọ̀fẹ́ ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń lọ, kò dúró. Ráfátù tún wá láti Ìbà. Nígbà tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni nínú wa, ó sáré sọdá títì lọ kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀gá.

"Bàbá, ó ti wọlé o."

Mo rí Ọ̀gá tí wọ́n ṣí fìlà, tí wọ́n fi bo ojú. Kò sí ọjọ́ mìíràn tí mo nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ yìí tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má gbọ́ ọ pé Ọ̀fẹ́ dára ju Olówó lọ. Ju kí ni lọ? Lọ́jọ́ wo? Lẹ́yìn ìgbà náà, a ṣe iṣẹ́ fún alájẹṣẹ́kù kan tó jẹ́ pé Olówó ló gbé e, Ọ̀fẹ́ ló ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́. Ojú-ewé ibẹ̀ yàtọ̀, àwọn tó ń lò ó yàtọ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé sáfà kan ló dára jù fún gbogbo ayé, ọjà ló ń tà.

Ilé-ìwé náà kò fi wá sílẹ̀ mọ́. Ọ̀gá fi ṣọ́ọ̀bù àti àga lé mi lọ́wọ́. Kí wọ́n tó papòdà, mo lọ wò wọ́n, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Ṣadé, ọjọ́ tí gbogbo sáfà bá ń dára lójú rẹ, dìde." Mo rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rọ ń yí padà ṣáá. Jẹnẹrétọ̀ dákẹ́, sólà dé orí òrùlé. A kò ra ẹ̀rọ sílẹ̀ mọ́, ilẹ̀ òkèèrè la ti ń yá sáfà lò bí ẹni yá yàrá, ẹni tó ń yá a fún ẹ kò mọ̀ ẹ́, o ò mọ̀ ọ́n. Múdà ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Délé ló wà ní ṣọ́ọ̀bù Òkukù. Ṣùgbọ́n àáró kò parẹ́. Tóyìn, ọmọ iṣẹ́ mi àtijọ́ tó ti di ọ̀gá tirẹ̀, ló ń pè é jọ.

Láìpẹ́ yìí ni àwọn àgbẹ̀ Ìbà àti Òkukù fẹ́ ojú òpó tí wọ́n á máa fi ta irè oko. Ibi mẹ́ta la ti lè yá sáfà fún wọn. Bí èyí tí a bá mú bá wó lọ́jọ́ tí tòmátì ti pọ́n, tòmátì á jẹrà ni. Mo jókòó sórí àga Ọ̀gá, mo gbé awò mi sójú, mo ní, "Ó yá." Èyí àkọ́kọ́ ṣí wọ́rọ́wọ́rọ́. Èkejì ṣí wọ́rọ́wọ́rọ́. Ìkẹta náà ṣí. Gbogbo wọn dára. Àyà mi já.

"Tóyìn, ta ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́?"



"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Ẹ ò tíì sọ pé ó ti ṣí nígbà yẹn, mà."

Mo fọwọ́ pa apá àga náà. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Ó wù mí kí n jókòó síbẹ̀ títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Mo yọ awò, mo mú báàgì mi, mo dìde. Tóyìn ti kúnlẹ̀.

"Mà, ṣé a ṣẹ̀ yín ni?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Ẹ bọ̀wọ̀ fún mi ni. Ẹ tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀n, kí ẹ sì ti ara yín."

Mo sọdá títì. Ọmọ fọkanáísà ló wà níbẹ̀ báyìí, ó gbé bẹ́ǹṣì fún mi. Mo jókòó, mo kọjú sí fèrèsé ṣọ́ọ̀bù. Ó pẹ́ díẹ̀ tí n kò gbọ́ nǹkan kan, ẹ̀rù sì bà mí pé bóyá wọ́n ṣì ń dúró dè mí. Ìgbà náà ni ariwo sọ.

"Ó ti hàǹgì! Tóyìn, ó ti hàǹgì! Mo sọ fún yín àbí mi ò sọ?"

Òmíràn ń bú nẹ́tíwọ̀kì, òmíràn ń pariwo pé ìkejì ló ṣubú, kì í ṣe ìkẹta, Tóyìn ń pariwo lé gbogbo wọn lórí. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọmọ fọkanáísà bi mí bóyá kí òun bá mi pè wọ́n wá. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì Inísà dé, mo sì wọ̀ ọ́ lọ sílé.